Ẹrù Ọmọ Ogun Tí Fíìmù Kì Í Gbé

Bí òṣèré bá fi eyín fa irin ìdè bọ́ǹbù àfọwọ́jù yọ nínú fíìmù, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ìran náà kò fọwọ́ kan bọ́ǹbù rí. Wọ́n máa ń tẹ ẹnu irin yẹn kọ́ lẹ́yìn ni, kí ẹ̀ka igi má bàa fà á yọ lára sójà tó ń rá kọjá nínú igbó. Ìka ló ń fà á, pẹ̀lú lílọ́ àti agbára. Ẹni tó bá fi eyín dán an wò, eyín ni yóò kán. M67 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò wọn nǹkan bí gíráàmù 400, ohun abúgbàù inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 180. Bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́, ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 5 ló kù. Ó lè pa ẹni tó wà láàárín mítà 5 sí i, ó sì lè ṣe ẹni tó wà ní mítà 15 léṣe. Ohun tójú máa rí kò ju kí iná kọ yẹ̀rì, kí eruku àti èéfín rú, kó sì tán. Àfọ́kù irin tí ojú kò rí ló ń ṣiṣẹ́ ikú.

Iná ràgàjì tó ń bo ojú ọ̀run nínú fíìmù, epo bẹntiróòlù ni. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ a máa rọ epo sínú ohun èlò irin tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, wọn a fi ohun abúgbàù kékeré sí ìdí rẹ̀, wọn a sì fi wáyà tàn án láti òkèèrè. Ìdí wà fún un. Àwòrán 24 ni kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun abúgbàù tòótọ́ lè bú kí iná rẹ̀ sì ti kú láàárín àwòrán kan sí èkejì, kí òǹwòran má rí ju eruku lọ. Epo ní tirẹ̀ ń jó pẹ́, ojú ń rí i, owó tí wọ́n ná sí i náà sì hàn.

Kì í ṣe iná epo yìí gan-an ló ń dùn mí. Fíìmù kì í ṣe ìwé ẹ̀rí kóòtù, kò sì sí ẹni tó lè ju bọ́ǹbù tòótọ́ sáàárín àwọn òṣèré. Ohun tó ń dùn mí ni pé ojú nìkan ni ọ̀pọ̀ fíìmù ogun fi ń jagun. Sójà a máa fi etí jagun. A máa fi èjìká jagun, a fi àtẹ́lẹsẹ̀, a fi ikùn, a fi oorun tí kò sùn. Àwọn wọ̀nyí ni kámẹ́rà kì í sáábà yà, bẹ́ẹ̀ àwọn ni sójà ń rántí ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká mú etí. Ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta AK-47 ń kúrò lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí mítà 715 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti M16, ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, sì ju mítà 900 lọ. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n yìnbọn sí láti mítà 300, ọta ti kọjá lára rẹ̀ kó tó gbọ́ ìbọn. Ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni “pàì!” bí ìgbà tí wọ́n na pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀: ọta ló ń ya afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni “gbò” yóò wá dún láti ọ̀nà jíjìn: ìbọn nìyẹn. Sójà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ a máa fi àlàfo ìró méjèèjì ka bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó. Bí àlàfo náà bá tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀tá wà ní nǹkan bí mítà 600. “Pàì” kì í sọ ibi tí ọ̀tá wà fúnni, ṣe ló ń tan etí jẹ. “Gbò” ló ń tọ́ka sí i. Ọmọ tuntun nínú iṣẹ́ a máa yíjú síbi tí “pàì” ti dún, a sì máa da ọta sínú igbó tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Nínú fíìmù, ìbọn àti ọta a máa dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ojú kan ni ẹni tó ń to ohùn ti pa méjèèjì pọ̀. Ìyẹn rọrùn láti tún ṣe, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀: kí wọ́n pín ohùn náà sí méjì, kí wọ́n sún èkejì sẹ́yìn díẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣe é.

Ariwo fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ìbọn ológun ń ju 150 dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) lọ létí ẹni tó yìn ín, bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 140 ni irú ìró òjijì yẹn ti lè ba etí jẹ́. Nínú iyàrá, ògiri ń dá a padà, ó ń burú sí i. Síbẹ̀, òṣèré á yin ọta 20 nínú pálọ̀ ilé kan, á wá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, á bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní tòótọ́, igbe ni wọ́n máa ń ké síra wọn, tàbí kí wọ́n fọwọ́ ṣe àmì, tàbí kí wọ́n gbá ara wọn léjìká. Nínú gbogbo ìpalára tí àwọn sójà àtijọ́ ń gbowó ìtọ́jú lé lórí lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, etí tó ń hó láìdẹ́kun ló pọ̀ jù. Ó pọ̀ ju ti ẹsẹ̀ tó gé lọ, ó pọ̀ ju ti ojú tó fọ́ lọ. Fíìmù mélòó ló fi ọ̀gbẹ́ yìí hàn?

Ọ̀rọ̀ ọta pàápàá, ìṣirò ni. Mágásìnì AK, àpótí ọta tí wọ́n ń kì bọ ìbọn, gba ọta 30. Bí ìbọn náà bá ń yin 600 ní ìṣẹ́jú kan láìdúró, ìṣẹ́jú àáyá 3 ni mágásìnì ti gbẹ. Sójà Amẹ́ríkà sábà máa ń gbé mágásìnì 7, ọta 210. Bó bá ń yìn ín bí akọni inú fíìmù, gbogbo ẹrù rẹ̀ á tán kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé, irin ìbọn á gbóná débi pé kò ní ṣeé dì mú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi ń yìn ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí méjì mẹ́ta, kó dúró, kó wò. Púpọ̀ nínú ọta tí wọ́n ń yìn kì í sì í ṣe láti pa ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń yìn ín kí ọ̀tá má lè gbórí sókè, kí àwọn ẹlòmíràn lè ráàyè yí i po. Ẹni tó bá lọ sógun lè yìnbọn fún oṣù bíi mélòó kan kó má rí ojú ọ̀tá rí. Ìlà igi ló rí, èéfín ló rí.

Olùdarí fíìmù kò fẹ́ ìyẹn. Ó fẹ́ kí ọ̀tá àti akọni wà nínú àwòrán kan ṣoṣo, kí àwọn sójà mẹ́jọ sì rọ́ mọ́ra kí kámẹ́rà lè gbé ojú gbogbo wọn. Ohun tí ọ̀gá sójà ń pariwo rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn: “Ẹ má rọ́ mọ́ra!” Mítà 5 sí 10 láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì, jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbangba, kí bọ́ǹbù kan má bàa kó gbogbo wọn lọ. Ẹ̀mí wọn wà nínú àlàfo yẹn. Àlàfo yẹn náà ló ń fa ìdáwà ojú ogun, kí ènìyàn dọ̀bálẹ̀ sínú koríko kó má mọ̀ bóyá ẹni tó wà lápá ọ̀tún ṣì wà láàyè.

Fíìmù kan wà tó súnmọ́ ọn. Saving Private Ryan tí Steven Spielberg gbé jáde ní 1998 fi ohun tó lé ní 20 ìṣẹ́jú ṣe ìbalẹ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà sí etíkun Omaha ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 1944. Etíkun Curracloe ní Ireland ni wọ́n ti yà á. Àwọn tó ti pàdánù ẹsẹ̀ tàbí apá ní ayé wà lára àwọn tí wọ́n kó wá ṣeré, kí ọ̀gbẹ́ má bàa rí bí ọ̀dà. Dale Dye, ẹni tó jagun ní Vietnam, ló kó àwọn òṣèré lọ sí àgọ́ níbi tí wọ́n ti sùn nínú òtútù tí wọ́n sì gbẹ́rù rìn. Irú iṣẹ́ kan náà ló ti ṣe fún Platoon ní 1986, nínú igbó Philippines, níbi tí àwọn òṣèré ti gbẹ́ kòtò tí wọ́n sùn sí, tí wọ́n ń pín ìṣọ́ òru. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn: ẹni tí ìbọn ti wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kì í tún dì í mú bí ẹni tó ń di igbálẹ̀ mú.

Ohun tí fíìmù Spielberg ṣe tó dára jù, etí ló ti ṣe é. Nígbà tí orí àwọn sójà bá wọ inú omi, ariwo á kú, a ó máa rí ọta tó ń gé omi kọjá. Nígbà tí bọ́ǹbù bú lẹ́bàá ọ̀gá wọn, etí rẹ̀ di, tiwa náà di pẹ̀lú. Wọ́n tún fi hàn bí ẹrù ẹ̀yìn ṣe ń rì ènìyàn sínú omi láìsí ọta kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn sójà àtijọ́ ṣí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ìran náà bá gbé padà sójú ogun.

Kí ni àwọn tó tẹ̀ lé e wá kọ́ lára rẹ̀? Kámẹ́rà gbígbọ̀n. Janusz Kaminski tó ya fíìmù náà dín ìṣísílẹ̀ ojú kámẹ́rà kù. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe é, àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ìdá 1/48 ìṣẹ́jú àáyá. Ó dín in kù sí ìdajì ìyẹn, nígbà míràn sí ìdá mẹ́rin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eruku àti yanrìn ṣe mú ketekete lójú, tí ìrìn sì ń já pàtìpàtì. Láti ìgbà náà, gbogbo fíìmù ogun ló fẹ́ já pàtìpàtì. Wọ́n mú ọgbọ́n ojú, wọ́n fi ọgbọ́n etí sílẹ̀.

Ti ọ̀gbẹ́ ni mo fẹ́ yára sọ kí n tó kúrò níbẹ̀, nítorí ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà ní ayé gidi. Nínú fíìmù, ọta léjìká kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Akọni á fi aṣọ wé e, á máa jà lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti ìdìpọ̀ iṣan tó ń darí apá ló gba abẹ́ èjìká kọjá. Ọta tó bá gba ibẹ̀ lè pani, tàbí kó sọ apá di aláìlágbára títí ayé. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú itan bá já, ẹ̀mí lè bọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n di ẹsẹ̀ náà pinpin lókè ojú ọgbẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, kí wọ́n sì kọ aago tí wọ́n dì í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ tí wọ́n yán níná wá ọta nínú ẹran ara. Ọta tó wà níbẹ̀ lè dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ni kò lè dúró.

Gbogbo èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ogun Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí ogun tiwa ni, ibẹ̀ ni àìrí fíìmù sì ti hàn jù. Láàárín 1943 àti 1945, sójà tó tó 90,000 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó láti Nàìjíríà, Gold Coast (Gánà òní), Sierra Leone àti Gambia lọ sí Éṣíà láti bá Jàpáànì jà. Dífíṣọ̀n, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá, méjì ni: 81 àti 82. Aláǹtakùn ni àmì Dífíṣọ̀n 81. Àmì Dífíṣọ̀n 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká aláàárù. Ẹ rò ó wò: àwọn ọmọ ogun tó fi òṣùká ṣe àmì ara wọn. Nínú àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tí ọkọ̀ kò lè gbà, orí ènìyàn ló gbé ọta, oúnjẹ, àgbá bọ́ǹbù àti ẹni tó gbọgbẹ́. Kí Dífíṣọ̀n 81 tó wọ àfonífojì náà rárá, ọwọ́ lásán pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá ni wọ́n fi la ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 100 gba orí òkè kọjá. Láti ibẹ̀ lọ, òfuurufú ni gbogbo oúnjẹ wọn ti ń wá. Bàálù Dakota á rẹlẹ̀, wọn á ti ẹrù jáde. Àwọn kan ní párásúùtì. Àpò ìrẹsì sábà máa ń já lulẹ̀ láìsí, ẹni tí kò bá sì yàgò fún un, ó lè pa á.

Bùrìgéèdì 3 ti Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tó kéré sí dífíṣọ̀n, kò bá wọn lọ Kaladan. Wọ́n fi í kún àwọn Chindit, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà lẹ́yìn ìlà ọ̀tá, tí wọ́n wọ ẹ̀yìn àwọn ará Jàpáànì lọ ní 1944. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó di ibùdó kan mú tí wọ́n ń pè ní White City, nítorí párásúùtì funfun tó kọ́ sórí igi káàkiri ibẹ̀. Àwọn Chindit yìí gé ohùn ìbaaka tó ń bá wọn gbẹ́rù kúrò lọ́fun, kí igbe rẹ̀ má bàa tú wọn fó. Ẹranko tó ń la ẹnu tí ohùn kò jáde, nínú igbó tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́. Olùdarí wo ni irú ìran yẹn bá níwájú tí yóò tún máa wá epo bẹntiróòlù kiri?

Àìsàn ló sì jà jù. Ọ̀gágun William Slim tó ṣe olórí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnlá ti Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà sọ ọ́ pé ní 1943, fún ẹnì kan tí wọ́n gbé kúrò nítorí ọgbẹ́, 120 ni wọ́n gbé kúrò nítorí àìsàn: ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn, egbò. Oògùn ibà tí wọ́n ń pín nígbà náà, mepacrine, a máa sọ awọ ara di pupa rúsúrúsú, àhesọ sì gba àgọ́ kan pé ó ń sọ ọkùnrin di akúra, làwọn sójà bá ń tu ú dànù. Slim ní kí àwọn ọ̀gá máa dúró wò ó títí wọn yóò fi gbé e mì. Ó tún rán ènìyàn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lójijì, ó sì lé ọ̀gá mẹ́ta kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé sójà wọn kò lò ó bó ṣe yẹ. Ìlà àwọn ọkùnrin tó ń la ẹnu kí ọ̀gá wọn wo abẹ́ ahọ́n wọn, ogun nìyẹn. Ohun tó yí ìjà Bọ́mà padà ju ọ̀pọ̀ ìkọlù lọ nìyẹn.

Ní òru, àwọn ará Jàpáànì a máa súnmọ́ ibùdó, wọn a kígbe, wọn a yin ọta díẹ̀, wọn a mi igbó jìgìjìgì. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ẹ̀rù ba ẹnìkan kó yìnbọn padà, kí iná ìbọn arọ̀jò-ọta Bren fi ibi tó wà hàn wọ́n. Ẹni tó gbóyà jù lóru ni ẹni tí kò yìnbọn. Akọni inú fíìmù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kámẹ́rà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìgboyà ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́. Àwọn tó ṣe ogun Kírìjì nílẹ̀ wa náà mọ ìjókòó yìí: ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àgọ́ kò sì tú títí di 1893. Fún ọdún 16, wọ́n ń dáko nítòsí àgọ́, wọ́n ń bímọ síbẹ̀.

Fíìmù Objective, Burma! jáde ní 1945, kí ogun náà tó parí. California ni wọ́n ti yà á, Errol Flynn ló ṣe olórí àwọn sójà Amẹ́ríkà tó já láti òfuurufú wọ Bọ́mà. Àwọn ará Ìlú Ọba bínú sí i gan-an, nítorí pé àwọn ọmọ ogun tiwọn ló pọ̀ jù nínú ìjà náà, wọ́n sì gbé e kúrò ní sinimá London. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ta ló bá àwọn aláàárù Kaladan bínú?

Èyí tó fi ojú tiwa hàn jù tí mo mọ̀, kò sí akọni tó ń yìnbọn nínú rẹ̀. Ní 2011, tẹlifíṣọ̀n Al Jazeera gbé fíìmù kúkurú kan jáde lórí Isaac Fadóyèbọ̀, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Olùtọ́jú aláìsàn ni nínú iṣẹ́ ológun, ó wọ iṣẹ́ náà ní ọmọ ọdún 16. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànì lúgọ dè wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan. Ọta fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kagbo, ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, àwọn ará abúlé Mùsùlùmí kan sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Barnaby Phillips, akọ̀ròyìn tó ṣe fíìmù náà, padà lọ wá ìdílé náà kàn. Oṣù mẹ́sàn-án tí sójà fi dùbúlẹ̀ tí kò yin ọta kan, tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin àti ọkùnrin tó lè kú nítorí rẹ̀: ìrírí ogun ni.

Bí olùdarí tiwa kan bá fẹ́ ṣe Kaladan lọ́la, owó tó nílò kéré sí ohun tó ń rò. Kó fi epo bẹntiróòlù sílẹ̀. Kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn òṣèré rẹ̀ ní ìbọn Lee-Enfield tó wọn nǹkan bí kílò 4, tó ń gba ọta 10, tí wọ́n sì ní láti fọwọ́ fà lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ti rọ́bà ni, kó di irin sínú rẹ̀ kí ó wúwo, nítorí ọwọ́ kì í purọ́ nípa ìwúwo. Kó jẹ́ kí wọ́n máa sọ Hausa láàárín ara wọn, nítorí òun ni èdè àjọsọ nínú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, kí Yorùbá máa jáde nígbà tí ọmọ ìlú bá pàdé ọmọ ìlú, kí àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun sì wà tí wọn kò gbọ́ ìkankan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Kí wọ́n jìnnà síra wọn ní mítà 5 kódà bí kámẹ́rà bá pàdánù ojú ẹnìkan. Kí ó kó òṣèré mẹ́rin àti ẹnì karùn-ún tó gbọgbẹ́, kí wọ́n gbé e gun òkè gíga nínú ẹrẹ̀, kí àwọn mẹ́rin mìíràn máa tẹ̀ lé wọn láti pààrọ̀ ọwọ́, kí kámẹ́rà sì máa ya wọ́n lọ láìgé e títí wọn yóò fi gbé e kalẹ̀ lórí òkè.